Nọ́ọ̀sì Gbàrọgùdù

Ìgbòho ni wọ́n ti bí Túnráyọ̀ Ajíbóyè, nínú ìdílé àgbẹ̀ onísìn Onítẹ̀bọmi. Títí tó fi pé ọmọ ogún ọdún tó sì wá sí Ìbàdàn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ gbàrọgùdù rí. Ṣájà fóònù ló jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ra ṣájà náà létí títì ní Agbowó, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ki í bọ iná, kò sì pẹ́ tí òórùn bí ìgbà tí irun ń jóná fi gba gbogbo yàrá. Ó gbé e lọ fi han àbúrò ìyá rẹ̀ tí òun ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyẹn Ìyá Ìṣọ́raolúwa, tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà. Obìnrin náà yí ṣájà náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún ẹ," ló wí. "Káàbọ̀ sígboro."

Nígbà tí Túnráyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àǹtí rẹ̀ lọ sọ́jà, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn ibẹ̀. Epo pupa tí wọ́n pa láró kó lè pọ́n, gbàrọgùdù ni. Ìrẹsì tí wọ́n bù láti inú àpò yẹpẹrẹ sínú àpò tó lórúkọ, gbàrọgùdù ni. Mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí kò lè tò ó padà, gbàrọgùdù lòun náà. Ẹ̀rín ni wọ́n sábà máa ń fi sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì á káwọ́ lérí, àwọn tó wà nítòsí á sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ títí òun náà á fi rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ọjà ló bá wá sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Nígbà tó wà ní kékeré, obìnrin kan máa ń gun ọ̀kadà wá sí Ìgbòho láti fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀ tí eruku ọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ mú. Gbogbo ìlú ló ń bọ̀wọ̀ fún un. Baálẹ̀ pàápàá máa ń dìde fún un ní ìjókòó. Túnráyọ̀ sọ fún bàbá rẹ̀ pé bí obìnrin yẹn lòun fẹ́ rí, bàbá rẹ̀ sì fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò bọ́ sí i. Ó ṣe é títí, kò wọlé.

Àsìkò tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì ni ẹnì kan nínú ìjọ wọn júwe ilé ẹ̀kọ́ kan fún un lẹ́yìn Agbowó. Ilé alájà kan ni, wọ́n kun ún ní funfun àti búlúù, àgbélébùú pupa sì wà lára géètì rẹ̀. Obìnrin tó ni ín ń jẹ́ Mátírọ̀n Oyèkànmí. Obìnrin arẹwà ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, aṣọ rẹ̀ kì í sì í rún. Ó ní òun ti ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òun tó wálé wá ran àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Yorùbá lọ́wọ́. Bàbá Túnráyọ̀ ta oko kajú rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Kìṣí, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà.

Ọdún mẹ́ta ni Túnráyọ̀ lò níbẹ̀, kò sì sí ohun kan níbẹ̀ tó jọ irọ́ lójú rẹ̀. Ara ọsàn ni wọ́n ti kọ́ abẹ́rẹ́ gígún, ara ọmọ rọ́bà ni wọ́n ti kọ́ ìgbẹ̀bí. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí igun rẹ̀ á gún régé. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé wọn ní fìlà, gbogbo wọn di àbẹ́là mú, wọ́n búra pé àwọn ò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Bàbá rẹ̀ wá láti Ìgbòho pẹ̀lú agbádá tó fi gbéyàwó, wọ́n sì jọ ya fọ́tò. Ní Ìgbòho, pásítọ̀ kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ ìjọ wọn ti di nọ́ọ̀sì.

Ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn ọjà Bódìjà ló gbà á síṣẹ́. Dókítà tó ni ibẹ̀ níṣẹ́ mìíràn ní Olúyọ̀lé, ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń yọjú. Túnráyọ̀ àti ọmọbìnrin kan tó ń tún ilé ṣe ló máa ń wà níbẹ̀ látàárọ̀. Ó ń wọn ìfúnpá, ó ń fún èèyàn lóògùn ibà, ó sì ń gbẹ̀bí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà lọ́wọ́ ìyá wọn láyọ̀. Àwọn obìnrin ọjà a máa sọ pé ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, pé kì í jágbe mọ́ aboyún bíi tàwọn nọ́ọ̀sì ìjọba. Bó bá ń kọjá nídìí ẹ̀wà àǹtí rẹ̀, àwọn tó dàgbà jù ú lọ dáadáa á máa kí i pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọ̀kan lára àwọn tó ń kí i bẹ́ẹ̀ ni Mánsúrù, ọkùnrin tó ń ta ìrẹsì ní apá ibi tí rélùwéè wà. Ṣùkúrát ìyàwó rẹ̀ lóyún ọmọ kejì, ọ̀dọ̀ Túnráyọ̀ ló sì forúkọ sílẹ̀ sí. Obìnrin tó lẹ́nu ṣáṣá ni Ṣùkúrát. Bó bá wá fún àyẹ̀wò, òun ni yóò máa pa àwọn aboyún yòókù lẹ́rìn-ín. Ó ní tóun bá bímọ tán, òun á fún Túnráyọ̀ ní àbúrò ọkọ òun kan fẹ́, pé nọ́ọ̀sì tó dára bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ará ìta.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Kò pẹ́ tó fi bí ọmọkùnrin, ọmọ sì ké dáadáa. Mánsúrù tó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ igbe náà, ó ní, "Alhamdulillah." Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí ekejì ọmọ, ìyẹn ibi ọmọ, tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò tètè wá. Túnráyọ̀ pe Dókítà lórí fóònù, kò gbé e. Ó tún un pè. Ó wá rántí ohun tí Mátírọ̀n kọ́ wọn, pé ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, pé bó bá pẹ́, ẹnu ọ̀nà á pa dé. Ó di okùn ọmọ mú, ó fà á. Kò wá. Ohun kan sọ fún un nínú pé kó dúró díẹ̀. Ó tún fà á, pẹ̀lú agbára, ó sì jáde. Ó jù ú sínú abọ́, ó fi aṣọ bò ó, ó mí kanlẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lásán ni. Ó fi aṣọ dí i, aṣọ rin. Ó so dírìpù, ó gún un ní abẹ́rẹ́ tí Dókítà fi sílẹ̀ nínú fíríìjì. Ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́. Ọmọbìnrin tó ń tún ilé ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bí ẹni tí ń retí kí ọ̀gá rẹ̀ sọ ohun tó kàn, Túnráyọ̀ sì rí i pé kò sí ohun tó kàn nínú orí òun. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ti tán.

"Nọ́ọ̀sì," Ṣùkúrát wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "òtútù ń mú mi."

Túnráyọ̀ àti Mánsúrù ló gbé e wọnú kẹ̀kẹ́ márúwá nínú òjò. Túnráyọ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pè é lórúkọ lójú ọ̀nà, títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n sáré gbé e wọlé níbẹ̀. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì àgbà kan jáde, ẹ̀jẹ̀ wà lára ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó pe Túnráyọ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Ekejì ọmọ yẹn, ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé?"

Ìbéèrè náà kò yé Túnráyọ̀. Kò mọ̀ pé ó lè ṣàìpé.

Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Apá kan ṣì wà níkùn rẹ̀. Ìwọ, níbo lo ti kọ́ṣẹ́?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ṣùkúrát kú.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì ní ìlànà Mùsùlùmí. Mánsúrù kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ní kádàrá ni, ó ní ohun tí Ọlọ́run yàn kò ṣe é yẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, Suhail ni wọ́n pè é, lẹ́yìn ìyẹn ni Mánsúrù gbé àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́ sí Túnráyọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé òun dúpẹ́, pé òun ò lè gbàgbé bó ṣe dì mọ́ ìyàwó òun nínú kẹ̀kẹ́ láìka ẹ̀jẹ̀ sí. Ìyá Ìṣọ́raolúwa sè lára ìrẹsì náà. Túnráyọ̀ fi ẹnu kàn án, ó sì ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè nọ́ọ̀sì àgbà yẹn kò jẹ́ kó sinmi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó wọ takisí máíkírà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn láti lọ béèrè lọ́wọ́ Mátírọ̀n bóyá òun ló gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ òun. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ó bá ṣéènì lẹ́nu géètì. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri funfun náà pé ìjọba ti ti ilé ẹ̀kọ́ tí kò gba àṣẹ yìí pa. Obìnrin kan tó ń din àkàrà ní òdìkejì títì ní àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá pẹ̀lú ọlọ́pàá.

"Wọ́n ní gbàrọgùdù ni wọ́n," obìnrin náà wí, ó ń yí àkàrà rẹ̀. "Wọ́n ní látọjọ́ tó ti wà, kò fìgbà kan jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wo gbogbo àwọn ọmọ tó ń wọ fìlà kiri."

Túnráyọ̀ ní òun gbọ́. Ó rìn dé iwájú díẹ̀, ó jókòó sétí kòtò ìdọ̀tí.

Ilé Mátírọ̀n ní àdúgbò Challenge ló gbà lọ láti ibẹ̀. Obìnrin náà gbà á sí pálọ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi fún un. Kò tíì sí ẹni tó mú un nígbà náà. Túnráyọ̀ sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde," Mátírọ̀n wí pẹ̀lẹ́. "Àwọn ìjọba yẹn ń jowú ni. Ṣé ọwọ́ ẹ ò mọ abẹ́rẹ́ gún ni? Ṣé o ò gbẹ̀bí ọmọ mìíràn rí?"

"Mà, ẹ kò kọ́ wa pé ká yẹ̀ ẹ́ wò."

"Èmi kọ́ ni mo ní kí o fà á lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sí níbẹ̀." Ó tún jókòó dáadáa. "Gbọ́, ọmọ mi. Ọkọ obìnrin yẹn ní kádàrá ni, àbí? Kádàrá náà ni. Ẹnu ẹ nìkan ni wọ́n lè fi mú ẹ. Pa á dé."

Nígbà tó sọ fún Dókítà, ti ìyẹn tún burú jù. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ irú ilé ẹ̀kọ́ tí ibẹ̀ jẹ́. "Ta lo fẹ́ kí n gbà?" ló bi í. "Àwọn tó níwèé ti wà ní London. Lọ múra, aboyún méjì wà níta." Túnráyọ̀ bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí àga, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kí àwọn aboyún náà má bàa kí i.

Ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi dùbúlẹ̀ sí yàrá, tí àǹtí rẹ̀ rò pé ibà ló ń ṣe é. Nígbà tó wá sọ ọ́ fún un, Ìyá Ìṣọ́raolúwa pa ilẹ̀kùn dé, ó sì pa fèrèsé dé.

"Ṣé ẹnì kan ti gbọ́?"

"Rárá, Àǹtí."

"Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Òkú kì í jí."

"Ó fún mi ní ìrẹsì, Àǹtí. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìṣọ́raolúwa wé gèlè, ó sì tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mánsúrù.

Mánsúrù dìde nígbà tó rí wọn, ó fún wọn níjòókòó lórí àpò ìrẹsì. Suhail ń sùn lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n Mánsúrù obìnrin kan. Láti ọjọ́ tí Mánsúrù ti mọ Túnráyọ̀, bó tilẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí, "ẹ̀yin" ló máa ń pè é. "Nọ́ọ̀sì, ẹ mà rù," ló wí. "Ṣé kò sí o?"

Túnráyọ̀ kò jókòó. Orí ìdúró ló ti sọ ọ́, kò fi ohunkóhun pamọ́: ilé ẹ̀kọ́ náà, okùn tó fà, abọ́ tó fi aṣọ bò láìwò. Nígbà tó dé ìdí ọ̀rọ̀, ó ní, "Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Gbàrọgùdù ni mí, mi ò sì mọ̀."

Àwọn alábàárù ń kọjá, ẹnì kan ń pe oníbàárà. Mánsúrù ń wo ìrẹsì tó fọ́n sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Nígbà tí o ń fà á lẹ́ẹ̀kejì," ló wí, "ṣé ó dá ẹ lójú?"

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè é ní "ìwọ".

"Rárá, kò dá mi lójú."

"O sì fà á."

"Mo fà á."

Mánsúrù mi orí. Kò pariwo, kò gbọ́wọ́ sókè. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé ọmọ wọlé, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn àpò rẹ̀ tò, ó ń gbé wọn láti ibi kan sí ìkejì, títí Ìyá Ìṣọ́raolúwa fi di ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mánsúrù lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹjọ́ náà pẹ́ ní kóòtù. Wọ́n mú Mátírọ̀n, wọ́n sì mú Túnráyọ̀. Wọ́n wá Dókítà títí, wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò. Mátírọ̀n ní agbẹjọ́rò méjì, ó sì ní òun kò mọ ohunkóhun. Túnráyọ̀ ní òun jẹ̀bi, ó sì gbà láti jẹ́rìí. Ọ̀kan lára àwọn agbẹjọ́rò Mátírọ̀n dìde láti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lẹ́nu.

"O sọ fún ọlọ́pàá pé gbàrọgùdù ni ọ́. Ọ̀rọ̀ àdúgbò nìyẹn. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ògbufọ̀ kóòtù ní féèkì ni. Ṣùgbọ́n adájọ́, obìnrin tó ti ń darúgbó, gbé ojú sókè. "Féèkì kọ́ ni gbàrọgùdù. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Túnráyọ̀ di igi àpótí ẹlẹ́rìí mú. "Mà, ẹni tó ń lu jìbìtì mọ ohun tó ń ṣe. Ayédèrú náà, ẹ lè fi ojú rí i tí ẹ bá wò ó dáadáa. Àmọ́ tí wọ́n bá ní nǹkan jẹ́ gbàrọgùdù, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ tí ẹ ó fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìgbà tí nǹkan bá le ló máa ń já yín sílẹ̀. Ìyà Ṣùkúrát bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó gbẹ́kẹ̀ lé mi."

Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn. Mánsúrù jókòó sí ìlà iwájú, kò gbójú sókè. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bá ẹjọ́ lọ.

Nígbà tí ìdájọ́ dé, wọ́n ní kí Mátírọ̀n yan ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn, nítorí kò sí ní ilé ìwòsàn náà lọ́jọ́ tí obìnrin náà kú. Ó sanwó lọ́jọ́ náà gan-an, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Túnráyọ̀ tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ni wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n Agodi. Àwọn kan ní ìjìyà náà kéré, àwọn mìíràn ní ó pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ló bá lẹ́nu géètì, ó ti dúró sínú oòrùn pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ nínú ọ̀rá. Ó ti gbó gan-an. Túnráyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ìkúnlẹ̀ nìkan kò tó o lọ́jọ́ náà.

"Dìde," bàbá rẹ̀ wí. "Mo ti gbé fọ́tò yẹn kúrò ní pálọ̀. Jẹ́ ká lọ jẹun."

Túnráyọ̀ kò bá a padà sí Ìgbòho. Ó ní òun ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti kéde òun. Ó padà sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, ó ń bá a ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ó ń bá a wọ̀n ọ́n fún àwọn oníbàárà. Níbi tí ó bá wà, àwọn obìnrin ọjà kì í dárúkọ gbàrọgùdù mọ́. Bó bá bọ́ lẹ́nu ẹnì kan nípa epo tàbí ṣájà, ẹ̀rín á gé, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ìyẹn máa ń dun Túnráyọ̀ ju èébú lọ. Wọ́n gbọ́ pé Mátírọ̀n ti ṣí ilé mìíràn sí ìlú kan lọ́hùn-ún, pé àwọn ọmọbìnrin ti ń forúkọ sílẹ̀. Túnráyọ̀ lọ sọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn á wò ó.

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, ọmọdé kan já wá sí ìdí ìsọ̀ wọn, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀wà, ó ń dà á sórí ara rẹ̀. Ojú Ṣùkúrát gẹ́lẹ́ ló gbé wá sáyé. Túnráyọ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáàárín itan, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Mánsúrù dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó gbọn ẹ̀wà kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá," ló sọ fún Ìyá Ìṣọ́raolúwa. "Ẹ kú ọjà."

"O ò jẹ̀bi," obìnrin náà dáhùn.

Mánsúrù gbé ọmọ náà kọ́ èjìká, ó gba apá ibi tí rélùwéè wà lọ láìwo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Túnráyọ̀ jókòó sí. Túnráyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà tó fọ́n ká sílẹ̀.